Ẹni Tó Wà Níwájú Ló Ń Pe Ọ̀nà

Ẹni tó bá ru ẹrù kì í rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Bí agbọ̀n iṣu bá ti wà lórí èèyàn, ọrùn á le, ojú á máa wo iwájú, ẹsẹ̀ á wá dà bí ti ẹlòmíràn nísàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn obìnrin wa ní Ìtàjí fi máa ń pe ọ̀nà fún ara wọn bí a bá ń ti oko bọ̀. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ fúyẹ́ jù ni wọ́n ń fi síwájú, kó lè máa wolẹ̀. Bó bá rí igi lójú ọ̀nà, á ní, “Ugi o, lọ́tún.” Ẹni tó tẹ̀lé e á dáhùn pé, “Mo gbọ́,” á sì pè é fún ẹni tó wà lẹ́yìn òun. Bẹ́ẹ̀ ni igi kan ṣoṣo á ṣe gba ẹnu gbogbo wa kọjá láìṣe ẹnikẹ́ni léṣe.

Àwọn ọmọ mi lóde òní a máa jí sáré ní kùtùkùtù. Wọ́n ní bàtà tí wọ́n fi ń sáré, wọ́n ní èyí tí wọ́n fi ń rìn, wọ́n á sì kọ́kọ́ na ẹsẹ̀ kí iṣan má bàa fà. Mo máa ń wò wọ́n. Nígbà tiwa, ṣọ́ọ̀ṣì ni bàtà wà fún.

Lọ́dọọdún, kí àkókò iṣu tuntun tó dé, àwọn ọkùnrin á ṣán ọ̀nà oko. Òfin kan wà níbẹ̀: igi kékeré tó bá hù sójú ọ̀nà, kí wọ́n gé e mọ́lẹ̀ pátápátá tàbí kí wọ́n hú u. Ẹni tó bá fi àdá gé e ní ìdàgẹ̀rẹ̀, ọ̀kọ̀ ló gbìn sílẹ̀ de àwọn tí kò wọ bàtà. Ṣùgbọ́n lọ́dún tí mò ń sọ yìí, tí òmìnira kò tíì dé, òjò ń lé wọn, wọ́n sì kánjú ṣán an.

Ìyá mi ni ìyàwó kejì bàbá mi. Ìyálé rẹ̀, tí gbogbo ọmọ ilé ń pè ní Yèyé, fẹ́ràn rẹ̀ bí àbúrò, “Ìyàwó” ló ń pè é, títí di ọjọ́ tí ewúrẹ́ Yèyé jẹ iṣu tí ìyá mi sá sórí àpáta láti fi ṣe èlùbọ́. Ìyá mi sọ òkúta lu ewúrẹ́ náà, ó bà á lẹ́sẹ̀, ẹran sì bẹ̀rẹ̀ sí í tiro. Wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Bí Yèyé bá fẹ́ iyọ̀, á rán mi sí ìyá mi tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. “Sọ fún ìyá rẹ kó fún mi níyọ̀.” Mo di ògbufọ̀ kóòtù láàárín wọn. Bàbá mi bá wọn wí títí ó fi sú u. Ó ní ìjà orogún kì í pa orogún, ó bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ tí a lọ kó iṣu, Yèyé ló wà níwájú nítorí ó ti dàgbà, ẹrù rẹ̀ ló sì fúyẹ́ jù, ìyá mi tẹ̀lé e, èmi ni mo kẹ́yìn. Mo rí i tí Yèyé gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè ju bó ṣe yẹ lọ, bí ẹni tó ń dá nǹkan kọjá. Kò pe ọ̀nà. Bó bá pè é, ìyá mi ní láti dáhùn, bí ìyá mi bá sì dáhùn, wọ́n ti bá ara wọn sọ̀rọ̀ nìyẹn. Mi ò tíì mọ ohun tí mo rí tí ìyá mi fi kígbe, tí iṣu dà sílẹ̀. Igi tí wọ́n gé ṣóńṣó ti wọ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀.

Yèyé ju ẹrù rẹ̀ nù. Ó kúnlẹ̀, ó fa ẹsẹ̀ náà yọ, ó ya etí ìró rẹ̀, ó fi dì í. “Ìyàwó, pẹ̀lẹ́,” ló ń wí ṣáá. “Ìyàwó, máa rọra.” Ìyá mi ní kò ṣe nǹkan kan. Inú mi dùn, mi ò ní parọ́. Mo rò pé ìjà ti parí nìyẹn.

Egbò náà jiná lójú, kò jiná nínú. Nígbà tó yá, ìyá mi ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òun ń le. Kó tó di ọ̀sán, kò lè la ẹnu gba ẹ̀kọ mímu mọ́. Wọ́n gbé e sínú lọ́rì tó ń kó kòkó, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìdó. Bàbá mi àti Yèyé ló bá a lọ. Àwọn méjèèjì nìkan ló padà.

Lẹ́yìn ìsìnkú, bàbá mi bèèrè bóyá kò sẹ́ni tó pe ọ̀nà lọ́jọ́ náà. Yèyé wolẹ̀. Mo kórìíra rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti ń jẹun, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo ń sùn, mo sì kórìíra rẹ̀.

Nígbà tí a tún jọ lọ sí oko, èmi ló kù lẹ́yìn rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọ̀nà. Ó pe igi, ó pe òkúta, ó pe gbòǹgbò tí kò lè pa èèrà lára. Bó bá pè é tán, á dúró de ìdáhùn. Mi ò fún un. Á rọra yí padà pẹ̀lú ẹrù lórí, á wo ẹsẹ̀ mi, á sì máa lọ. Kò bá mi wí rí. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń rìn títí mo fi lọ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ ní Ìkọ̀lé.

Mo ti wà nílé ọkọ kí n tó tún gba ọ̀nà oko náà. Mo wálé, wọ́n ní Yèyé lọ ṣẹ́gi, mo bá lọ pàdé rẹ̀. Mo gba ọ̀nà àbùjá, mo sì bọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ti tẹ̀, ìdì igi kékeré ló rù. Kò mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Lójú tirẹ̀, kò sẹ́ni lẹ́yìn rẹ̀.

“Ugi o, lọ́tún,” ló wí, ó sì dúró.

Ó dúró pẹ́. Mo ní, “Mo gbọ́.”

Àwọn ará ilé ti máa ń sọ pé ohùn ìyá mi ló wà lọ́fun mi. Yèyé kò bojú wẹ̀yìn. Ó gbé ọwọ́ kan lé ìdì igi rẹ̀ kó má bàa ṣubú.

“Ìyàwó,” ló wí, “máa rọra.”

Mi ò sọ fún un pé èmi ni. Mo tẹ̀lé e bẹ́ẹ̀, mò ń dáhùn, títí a fi délé.