Ìkíni Láti Orí Òrùlé

Bí o bá gba iwájú ilé Àdìzát kọjá ní Ìjòkó láì kí i, ìjà dé nìyẹn. Á pa ẹ̀rọ ìránṣọ tì, á tẹ̀lé ọ dé títì: "Ṣé igi ni mí ni?" Ó ti bú èmi tí mo ń ta bulọ́ọ̀kù lódìkejì náà rí, bí mo ṣe jù ú lọ tó. Ìmẹ̀kọ ló ti wá, aṣọ ilé-ìwé ló ń rán. Ẹnu rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ mọ́.

Basit nìkan ló bí. Ìdí ẹ̀rọ yẹn ló ti tọ́ ọ títí ó fi ń wa bàálù. Kì í ṣe bàálù ńlá o, kékeré ni, ti olówó kan báyìí. Lọ́jọ́ kan, Basit pè é pé òkè Ìjòkó ni òun gbà lọ sí Ìlọrin.

"O gba orí òrùlé mi kọjá, o ò kí mi? Ta ló kọ́ ẹ bẹ́ẹ̀?"

Ọmọ rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú, mọ́mì. Ní Sátidé, ẹ ju gèlè yẹ́lò yín sókè, kí n lè dá ilé mọ̀."

Ó wá lóòótọ́, ó mi ìyẹ́ bàálù sọ́tùn-ún sósì. Gbogbo àdúgbò pariwo. Èmi náà pàtẹ́wọ́, àgbà òfìfo.

Ṣùgbọ́n inú Àdìzát ò tíì dùn tán. Ó pè é nírọ̀lẹ́: "Mi ò rí ojú ẹ. Ìkíni wo nìyẹn?"

"Mọ́mì, wọn kì í gbà kí á fò sún mọ́ ilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Òpó àti wáyà pọ̀ lọ́dọ̀ yín."

"Ẹ̀ẹ̀kan péré, Basit."

Ọmọ tó bá gbọ́ tìyá rẹ̀, a ní yóò pẹ́ láyé.

Ní Sátidé kejì, ó wálẹ̀ débi pé mo rí ọwọ́ tó nà sí wa. Àdìzát ń fò sókè: "Mo rí ẹ! Basit, mo rí ẹ!" Bó ṣe fẹ́ gbéra padà ni ìyẹ́ bàálù kọ́ wáyà tí wọ́n fi de mástì fóònù tó wà lẹ́yìn ilé mi. Inú pápá kan ló já sí. Òun nìkan ló kú.

Ojoojúmọ́ ni mo ti ń rí mástì yẹn tẹ́lẹ̀. Mi ò la ẹnu kìlọ̀ fún wọn, àtẹ́wọ́ ni mò ń pa. Ó ń dùn mí títí dòní.

Àdìzát ṣì ń ránṣọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dúró níwájú rẹ̀ bí a ti máa ń ṣe: "Ìyá Basit, ẹ kú iṣẹ́ o."

Kò gbójú sókè. "Bàbá Tolú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa kọjá lọ. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni yà kí mi mọ́."