Apá Tí Oòrùn Ń Wọlé Nínú Bọ́ọ̀sì

Òórùn òróró àgbọn ló máa ń jí mi láàárọ̀ ní Abu Shagara, àdúgbò tí à ń gbé nílẹ̀ Lárúbáwá. Àǹtí Kúmárì, aránṣọ ará Sìríláńkà tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa nínú fúláàtì kan náà, a máa tan fìtílà kékeré síwájú ère Búdà kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Á wá fi díẹ̀ lára òróró náà pa irun Nilú, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà, Nilú jẹ́ mẹ́sàn-án. Bàbá mi ń ra ọkọ̀ àlòkù ránṣẹ́ sí Èkó.

Bọ́ọ̀sì ilé ìwé wa kò ní ẹ̀rọ amúlétutù. Nítorí náà, èmi àti Nilú ṣe àdéhùn: ẹnì kan á jókòó sí apá tí oòrùn ń wọlé lọ́sẹ̀ kan, ẹnì kejì á jókòó síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Sátidé ni ọ̀sẹ̀ ilé ìwé ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ láyé ìgbà yẹn. Ní Sátidé kan, èmi ló kàn, mo sì sọ pé Nilú ni.

"Irọ́ ńlá," ó ní. "Kí lò ń sá fún gan-an? Oòrùn ti sun ẹ́ jinná tán!"

"Ìwọ náà ń jinná bọ̀," mo dá a lóhùn.

Awakọ̀ ń kán wa lójú, ó kígbe, "Yàllà, yàllà!" Nilú rẹ́rìn-ín, ó sì lọ jókòó sínú oòrùn.

A kò tíì dé ilé ìwé tí tírélà oníyanrìn fi ya lu ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn ń wọlé. Mo rántí yanrìn lẹ́nu mi. Mo rántí bàtà Nilú kan lórí itan mi. Apá mi kán. Nilú kú.

Màámi ń sọ fún gbogbo ẹni tó wá kí wa pé, "Ọlọ́run ló yọ ọ́." Òwe kan wà tí kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀: "Àṣesílẹ̀ làbọ̀wábá." Láti ọjọ́ náà, bí ó bá ti ń pa á fún àwọn àbúrò mi, ṣe ni mo máa ń kúrò níbẹ̀.

Màámi tu Àǹtí nínú bí wọ́n ti ń tuni nínú nílé: "Ẹ má sunkún mọ́, ìyá Nilú. Á tún padà yà lọ́dọ̀ yín."

Àǹtí mi orí. "Ibi tí ìwà rẹ̀ bá gbé e dé ni wọ́n á ti bí i. Bí mo bá tilẹ̀ pàdé rẹ̀, mi ò ní dá a mọ̀."

Lọ́jọ́ keje, ó se ìrẹsì, ó sì pe òṣìṣẹ́ mẹ́fà, ará ìlú rẹ̀, láti ibùgbé àwọn òṣìṣẹ́ ní Muhaisnah wá jẹun, torí kò sí àlùfáà ẹ̀sìn Búdà nítòsí tí ì bá fún lóúnjẹ. Ó ní oore oúnjẹ náà ni àwọn máa fi ta Nilú lọ́rẹ, kí ibi tó ń lọ lè dára. Àgbà inú wọn ń ka àdúrà. Ẹbí òkú ló yẹ kó jọ di jọ́ọ̀gì mú, kí wọ́n da omi sínú ife títí á fi kún àkúnwọ́sílẹ̀.

"Mi ò ní ẹbí níbí," Àǹtí wí. "Tóyìn, ìwọ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Wá fọwọ́ kàn án."

Mo fa ọwọ́ mi sẹ́yìn. Mo rò pé bí ọwọ́ òpùrọ́ bá kan jọ́ọ̀gì náà, Nilú á bọ́ síbi burúkú. Màámi rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni. "Ẹ má bínú, ìyá Nilú. Ṣọ́ọ̀ṣì là ń lọ."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo bá Àǹtí nídìí abọ́ tó ń fọ̀. Mo bi í pé, bí ènìyàn bá ṣe nǹkan tó mú kí ẹlòmíràn kú, tí kò sì mọ̀ pé á kú ńkọ́?

"Bí kò bá ní in lọ́kàn, kì í ṣe apànìyàn," ó ní. "Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ló máa so èso fún un. Bí irọ́ ni, èso irọ́ ni."

Mi ò tíì dárúkọ irọ́. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ.

"Tóyìn, ọ̀sẹ̀ ta ni?"

"Ọ̀sẹ̀ Nilú ni."

Ó mi orí, ó sì padà sídìí abọ́.

Mo ti lé ní ogójì ọdún báyìí. Ìbòòji lásán ni ọmọ tí mo jẹ́ nígbà yẹn ń wá nígbà tó pa irọ́ àkọ́kọ́. Mo ti dárí rẹ̀ jì í. Irọ́ kejì, èyí tí mo pa fún Àǹtí nídìí abọ́, mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Àǹtí ti darúgbó ní ìlú rẹ̀. Bí ó bá fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù, tó ní, "Tóyìn, ṣé dáadáa ni?", èmi náà á ní, "Dáadáa ni, mà." Ìdájọ́ ọ̀run ló ń ba ọmọ ọdún mẹ́wàá yẹn lẹ́rù. Èmi, ìpè fóònù ló ń bà mí lẹ́rù, pé wọ́n lè sọ fún mi pé Àǹtí ti kú. Bí wọ́n bá tún un bí síbikíbi láyé yìí, mi ò ní dá a mọ̀ kí n lè tọrọ àforíjì.