Ilé Ìyá Ìyá Mi Kì Í Ṣe Ilé Iwin

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi kí inú tó ń bí mi yìí tó fọ́ mi lórí! Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ mi obìnrin tó wà ní Lomé ló fi ojú ìwé ayélujára kan ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Ẹni tó ni ín máa ń kó fíìmù kéékèèké àtijọ́ jọ, irú èyí tí kò ní ìtàn tí kò sì ní ọ̀rọ̀, pẹ̀lú àwòrán àwọn ilé ahoro tó ń dẹ́rù bani. Mo gbádùn rẹ̀ o! Mo rí àwókù Kamina níbẹ̀, ibi tí àwọn Jámánì kọ́ ilé iṣẹ́ wáyà tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ sí ìlú wọn sí, nítòsí wa níbí ní Togo. Wọn ò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni tó ru òkúta ibẹ̀. Kò dùn mí. Ṣé ilé mi ni?

Àfi ìgbà tí fíìmù tó tẹ̀ lé e bẹ̀rẹ̀.

Ilé amọ̀ kan ni, kò ní òrùlé. Oòrùn ń ti òkè wọ inú yàrá. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀, ariwo bí ìgbà tí wọ́n ń fi irin ha irin nìkan lẹ máa gbọ́. Kámẹ́rà á wọ yàrá, á jáde, á tún wọ yàrá kan náà. Ilẹ̀ mọ́ tónítóní, ipa ìgbálẹ̀ ṣì hàn lórí erùpẹ̀. Wọ́n wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ilé ahoro ní Togo ni, pé kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó gbé ibẹ̀ rí, pé ta ló wá ń gbálẹ̀ rẹ̀?

Àwọn èèyàn sì ń dáhùn! Ẹnì kan ní iwin ni. Ẹlòmíràn ní òun ò lè dá a wò.

Ta ló ń gbálẹ̀? Ìyá mi ni!

Pẹpẹ amọ̀ tó wà lábẹ́ fèrèsé ni mo fi dá ilé náà mọ̀. Ìyá ìyá mi ló fọwọ́ ara rẹ̀ mọ ọ́n, igun rẹ̀ kan ti fọ́. Ilé wa ni, létí odò Mono. Nígbà tí bàbá mi kú, ibẹ̀ ni ìyá mi kó wa padà sí. Láwọn ọdún 1980, nígbà tí wọ́n ń kọ́ bàráàjì Nangbéto láti fi sé odò náà, wọ́n ní omi máa bo abúlé wa, ká kó lọ síbòmíràn. A tú páànù, a tú ilẹ̀kùn, torí a máa nílò wọn níbi tuntun. Ìdí tí ilé náà ò fi ní òrùlé nìyẹn o, ẹ̀yin oníwin!

Ohun kan ló kù tí a ò lè tú. Inú yàrá la sin ìyá ìyá mi sí, bí wọ́n ṣe ń sin àgbà nígbà yẹn. Ìyá mi ní òun ò lè jẹ́ kí omi bá ìdọ̀tí lórí ìyá òun. Ó gbá yàrá, ó gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó bọ́ sí àgbàlá. Èmi ń wọ́n omi sílẹ̀, ọmọ mi tó wà ní Lomé báyìí wà lẹ́yìn mi.

Ibi tá a ti ń ṣe é lọ́wọ́ ni òyìnbó kan ti dé, òun àti kámẹ́rà rẹ̀ àti ògbufọ̀ kan, ọmọ ìlú Datcha. Ẹ ò ní gbà gbọ́! Ó ní ilé náà wu òun, ṣùgbọ́n kí ìyá mi jáde, òun ò fẹ́ rí èèyàn nínú rẹ̀. Ìyá mi ní òun ò tíì parí. Òyìnbó náà ń wo oòrùn, ó ń kánjú. Ó ní ká kó ìgbálẹ̀, ìkòkò omi, àti sálúbàtà wa tó wà lẹ́nu ọ̀nà kúrò. Ògbufọ̀ ò lè wo ojú ìyá mi.

“Ìyá, ẹ má bínú,” ó ní. “Yovo ní kẹ́ ẹ lọ dúró lábẹ́ máńgòrò.” Òyìnbó ló ń pè ní yovo.

A lọ dúró lábẹ́ máńgòrò. Nínú ilé wa! À ń wo àjèjì tó ń rìn síwá sẹ́yìn lórí sàréè ìyá wa.

Ṣé ẹ rí ọ̀rọ̀ náà báyìí? Wọ́n lé wa jáde tán, wọ́n wá ń bi aráyé pé àwọn ará ilé dà! Àwọn àgbà ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Wọn ò tilẹ̀ júwe tiwa rárá, wọ́n ní kò ní onílé.

Mo ní kí ọmọ mi bá mi fi Faransé tó dán mọ́rán kọ̀wé sí ẹni tó ni ojú ìwé náà, pé kó kọ orúkọ onílé síbẹ̀, tàbí kó yọ fíìmù náà kúrò. Ẹ gbọ́ èsì: ó ní ẹ̀rù yẹn gan-an làwọn èèyàn ń wá wò, orúkọ á bà á jẹ́. Ó ní tí kò bá tẹ́ mi lọ́rùn, òun á yọ ọ́ lọ́la. Mo ní kó yọ ọ́! Kó yọ ọ́ dànù!

Mo wá gbé fóònù lọ bá ìyá mi, kí òun náà lè bá mi bínú. Ó ti darúgbó, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣì ríran. Ó ń wò ó. Nígbà tí kámẹ́rà wọ yàrá inú, ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó gbé e kalẹ̀ sórí ẹní, ó sì fi eékún tó ń dùn ún kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

“Ìyá,” ó ní, “ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.”

Láti ìgbà tí omi ti bo ibẹ̀, àwọn apẹja ló ń ju àwọ̀n sórí rẹ̀. A ò ní fọ́tò kankan, ta ló ní kámẹ́rà nínú wa nígbà yẹn? Ìyá mi ní kí n tún fi í hàn òun. Ó tún un wò, ó wá bi mí bóyá òun á lè máa rí i bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́.

Ọmọ mi gbìyànjú láti gbà á sórí fóònù, kò ṣeé gbà. Ló bá di pé kí n padà lọ bá ọkùnrin tó ni ojú ìwé náà. Èmi tí wọ́n ṣẹ̀, èmi ni mo tún ń bẹ̀bẹ̀ pé kó jọ̀ọ́, kó má yọ ọ́! Ó ní kò burú. Ó fi fíìmù náà sílẹ̀, ó sì fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ bó ṣe wà: kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó gbé ibẹ̀ rí. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé kí a tó pe ilé kan ní ahoro, ká kọ́kọ́ béèrè ẹni tí wọ́n ní kó jáde. Ẹ̀yin ńkọ́? Ilé yín wo ni wọ́n ti sọ di ìran àpéwò? Ẹ kọ orúkọ onílé síbí, kí gbogbo ayé kà á.

Èmi ló kọ́kọ́ kọ tèmi. Afí, ìyá ìyá mi, ló ni ilé yẹn. Ẹja gbígbẹ ló ń tà, ohùn rẹ̀ le, kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ bàtà wọ yàrá òun.