Eérú Lójú Omi

Ọjọ́ mẹ́ta ni káńsù fi kó wa jọ sí gbọ̀ngàn kan ní Ṣómólú, àwa olórí àdúgbò àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, kí wọ́n lè kọ́ wa bí a ṣe ń tún ìlú ṣe tí yóò fi bá àwọn ọmọ wa. Èmi ni alága òpópónà wa ní Ladi-Lak. Mo ti lé lógójì ọdún kí n tó mọ̀wé kọ, nítorí náà mo ṣì fẹ́ràn kí n jókòó sí kíláàsì.

Ẹ̀rọ amúlétutù ń kùn lókè orí wa. Ohùn olùkọ́ wa, ọ̀dọ́mọbìnrin kan, ń bọ̀ bí ohùn ẹni tó wà ní òdìkejì ọ̀sà.

Ní ọjọ́ kejì, ó ní kí a ya àwòrán àdúgbò wa. Kí a fi bírò búlúù ya ọ̀nà tí omi òjò ń gbà lọ sí ọ̀sà, kí a fi pupa sàmì sí ohun tó dí i. Mẹ́ta ni wá nídìí tábìlì tiwa: èmi, òṣìṣẹ́ káńsù tó ń bójú tó gọ́tà, àti ìyá Ìlàjẹ kan, olórí àwọn ẹlẹ́ja.

“Alága, ẹ rọra o,” òṣìṣẹ́ gọ́tà wí. “Ọkọ̀ ojú omi á gba inú gọ́tà tí ẹ yà yìí.”

“Ṣé o ti dé ibẹ̀ rí ni?” ìyá náà dá a lóhùn. “Àbí láti ojú fèrèsé ọ́fíìsì lo ti ń wọ̀n ọ́n?”

A rẹ́rìn-ín. Bírò mi dé ẹ̀yìn ilé mi, ó dúró.

Àtíbàbà páànù kan wà níbẹ̀, níbi tí ìyàwó mi ti ń yan ẹja kó tó kú lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn. Ọmọ etíkun Oǹdó ni. Nílé wọn, bí òjò bá dá, wọn a da eérú sójú omi kí wọ́n lè mọ ibi tó ń lọ, kí wọ́n tó kọ́lé. Òun náà máa ń dà á níbí. Eérú á máa lọ bí ìkúukùu kékeré; bó bá dé ibi àtíbàbà, á yí po, á ṣẹ́rí sínú ọgbà obìnrin aládùúgbò wa.

“Baálé mi, omi ní ká kúrò lọ́nà òun,” ó máa ń wí, á sì rẹ́rìn-ín.

Mo ní a ó ṣí àtíbàbà náà kúrò. A ò ṣí i. Nígbà tó kú, mo ti ilẹ̀kùn àtíbàbà náà pa. Lọ́dọọdún, aládùúgbò wa ń fi búlọ́ọ̀kù gbé ibùsùn rẹ̀ sókè kí omi má bàa kàn án, èmi a sì bá a kẹ́dùn.

Nídìí tábìlì náà, mo ya omi kí ó yí àtíbàbà ká. Ìyá Ìlàjẹ ń wò mí.

“Alága, ṣé omi máa ń yà fún yín ni?” ó rọra wí. “Èmi àti ìyàwó yín la jọ ń ta ẹja. Ká ní ó wà níbí ni, á ti gba bírò yẹn lọ́wọ́ yín.”

Kíkùn ẹ̀rọ náà di ìgbì létí mi. Mo gbọ́ òórùn èéfín. Mo mú bírò pupa.

“Kí lèyí, Bàbá?” olùkọ́ bi mí nígbà tó yí dé ọ̀dọ̀ wa.

“Àtíbàbà mi ni.”

Ó wo àmì pupa náà, ó kọjá sí tábìlì mìíràn.

Ní Sátidé, mo tú páànù náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Aládùúgbò wa jáde wá, kò bèèrè nǹkan kan, ó bá mi di ẹ̀gbẹ́ kejì mú. Eérú ṣì wà nínú ààrò. Mo kó o sínú abọ́.

Òjò rọ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Bó ti dá, mo da eérú náà sójú omi. Ó lọ. Nígbà tó dé ibi tí ilẹ̀kùn wà tẹ́lẹ̀, ó falẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ kí èèyàn. Lẹ́yìn náà ó kọjá tààrà, ó forí lé ọ̀sà.

“Bàbá, kí lẹ ń wò?” aládùúgbò wa ké láti ojú fèrèsé rẹ̀.

“Omi ni,” mo ní.