Síkì Fífẹ̀ àti Orúnkún Bọ̀dá Fúnṣọ́

Ẹ fún mi láyè díẹ̀ lónìí, kí n ro ẹjọ́ ara mi fún yín. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti ń bi mí nínú inbox pé àgbéyẹ̀wò síkì tí mo ṣèlérí dà? Ẹ ní mo gbé fọ́tò síbí, mo rẹ́rìn-ín, mo ní kí ẹ máa retí mi, mo wá dákẹ́ lójijì. Òótọ́ ni. Mi ò gbàgbé o. Ojú ló ń tì mí.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀, síkì ni pátákó gígùn méjì tí wọ́n ń dè mọ́ bàtà láti fi yọ̀ wálẹ̀ láti orí òkè tí yìnyín bò. Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Kí ni ọmọ Ìbàdàn ń wá lórí yìnyín? Màmá mi ti bi mí kí ẹ tó bi mí. Orí fóònù ni wọ́n ti ní ṣé wọ́n ń sanwó fún mi ni, kí n tó máa ṣubú báyẹn? Mo ní rárá, èmi gan-an ni mò ń sanwó. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí n gbé fóònù fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ara mi yá.

Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló kọ́kọ́ mú mi lọ. Ìdí kọ̀ǹpútà ni mo máa ń wà láti Monday títí di Friday, inú yàrá kékeré kan ní Hyattsville, ní Maryland ní Amẹ́ríkà níbí, ni mo sì ń sùn sí. Ìgbà tí mo rí i pé èèyàn lè yọ̀ wálẹ̀ látorí òkè kí orí rẹ̀ fúyẹ́, ó di bárakú fún mi. Kò pẹ́ tó fi di bárakú fún Bọ̀dá Fúnṣọ́ náà.

Bọ̀dá Fúnṣọ́ kì í ṣe ọmọ ìyá mi. Ọmọ àdúgbò wa ní Mọ́kọ́lá ni wọ́n, wọ́n sì jù mí lọ dáadáa. Nígbà tí mo dé Amẹ́ríkà, àwọn ló wá pàdé mi ní airport. Inú basement ilé wọn ní Springdale ni mo gbé títí mo fi ríṣẹ́. Ìyàwó wọn, Àǹtí Bísí, ló ra kóòtù òtútù àkọ́kọ́ tí mo wọ̀ nílùú yìí. Bọ́ọ̀sì èrò ni Bọ̀dá ń wà, wọ́n sì máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹsẹ̀ ọ̀tún àwọn tó ń tẹ bíréèkì ló ń bọ́ gbogbo ilé.

Ṣùgbọ́n Bọ̀dá fẹ́ràn ipò àgbà, ẹ jọ̀ọ́! Tí wọ́n bá ṣi ọ̀nà, ẹ ò lè sọ pé wọ́n ṣìnà. Àfi kí ẹ ní ẹ gbọ́ pé àwọn kan máa ń gba ọ̀nà míì. Tí a bá sì fẹ́ pín nǹkan, àwọn ló máa kọ́kọ́ mú. Mi ò sọ pé ó burú o. Bí wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa nìyẹn, àbí? Àgbà á mú, ọmọdé á mú èyí tó kù.

Ní Sátidé kan báyìí, lẹ́yìn tí yìnyín ti já bọ́ gan-an, a gbéra láàárọ̀, a wakọ̀ lọ sí apá ìwọ̀ oòrùn Maryland níbi tí òkè wà. Mo fẹ́ fi síkì oríṣi méjì wéra fún yín. Ilé ìtajà kan níbẹ̀ máa ń yá èèyàn ní síkì kó lè dán an wò kó tó rà á. Ìdè orí rẹ̀ ṣeé sún síwá sẹ́yìn, bàtà ẹnikẹ́ni lè wọ̀ ọ́, nítorí náà èmi àti Bọ̀dá lè máa pààrọ̀ wọn.

Ọ̀kan fẹ̀, ọ̀kan tín-ín-rín. Búlúù ni èyí tó fẹ̀, ó ń dán, ó sì fẹ̀ débi tí Bọ̀dá fi ní Àǹtí Bísí lè lọ aṣọ lórí ẹ̀. Èyí tó tín-ín-rín dúdú, ara rẹ̀ ti bó, ojú kì í dúró lára ẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ́kọ́ mú." Ṣé ó tún yẹ kí n sọ èyí tí wọ́n mú fún yín?

Láàárọ̀ yẹn, yìnyín tuntun ló wà nílẹ̀, ó jìn, ó fúyẹ́ bí ẹlùbọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jọ̀. Bọ̀dá léfòó lórí ẹ̀ pẹ̀lú síkì fífẹ̀. Èmi tí mo wọ dúdú ń rì, mo ń fi ipá fa ẹsẹ̀ yọ. Àwọn ọ̀dọ́ kan tó ń kọjá pàtẹ́wọ́ fún Bọ̀dá, wọ́n ní "You're killing it, sir!" Láti ìgbà náà ni búlúù ti di "síkì mi" lẹ́nu wọn. Nígbà tí wọ́n gbà kí n wọ̀ ọ́ wò, mo gbà fún wọn. Nínú yìnyín tó jìn, kò sí ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ẹsẹ̀ èrò ti tú yìnyín náà ká, ó di òkìtì òkìtì. Síkì fífẹ̀ ń la òkìtì náà kọjá, àmọ́ ó ń lọ́ra láti yí. Tín-ín-rín ń yí kíá, ṣùgbọ́n ó ń gbé mi jù sókè sódò. Mo sọ gbogbo ẹ̀ sínú fóònù kí n má bàa gbàgbé. Mo ní ọ̀mì ni wọ́n ta.

Ìrọ̀lẹ́ ni wàhálà dé. Oòrùn ti yọ́ ojú yìnyín náà, ó wá lọ sẹ́yìn òkè, òtútù sì mú padà. Gbogbo ibi tó ti rọ̀ gan bí òkúta. Èmi ni mo wọ fífẹ̀ lásìkò yẹn. Ẹ̀yin ará, etí síkì yẹn tó yẹ kó máa gé ilẹ̀ kí èèyàn má bàa yọ̀, kò gé e rárá! Bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ńṣe ló ń lọ́ orúnkún mi. Mo yọ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títí mo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ́ lu okùn tí wọ́n ta sí etí ọ̀nà. Agbára káká ni mo fi dé ìsàlẹ̀.

Bọ̀dá tó wọ tín-ín-rín tiwọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ti yí padà, torí ìyẹn ń gé ilẹ̀ dáadáa. Wọ́n ń kọrin bọ̀. A bọ́ síkì, a mu tíì gbígbóná, wọ́n wá ní ká lọ lẹ́ẹ̀kan sí i ká tó máa relé, kí ó sì jẹ́ ibi tó dà gẹ̀rẹ́ yẹn. Síkì méjèèjì wà nílẹ̀ níwájú wa.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ́kọ́ mú."

Ẹ wò ó, mi ò ní fi nǹkan kan pamọ́. Mo mọ èyí tí wọ́n máa mú. Ẹsẹ̀ ti ń ro mí, ẹ̀rù síkì búlúù yẹn sì ń bà mí. Tí mo bá ní "Bọ̀dá, ẹ má mú ìyẹn, ó ń yọ̀ gan-an báyìí", wọ́n á kọ́kọ́ bínú, wọ́n á bi mí pé ta ló ń wa bọ́ọ̀sì nínú yìnyín láti ọjọ́ yìí wá. Lẹ́yìn náà, wọ́n lè gbọ́. Tí wọ́n bá sì gbọ́, èmi ni mo máa wọ búlúù. Ohun tí mo sá fún nìyẹn. Kì í ṣe ọ̀wọ̀ ni mo ń bọ̀, ara mi ni mò ń gbà là.

Bọ̀dá rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé búlúù. Wọ́n ní, "See as you dey respect person. Délé, àwọn ọmọ tìẹ náà á bọ̀wọ̀ fún ẹ."

Mo ṣe àmín. Ẹ gbọ́ mi báyìí? Mo ṣe àmín!

Èmi ni mo ṣáájú. Síkì dúdú ń gé ilẹ̀ bó ṣe yẹ, mo tiẹ̀ ti ń gbádùn ara mi. Mo gbọ́ gbì lẹ́yìn mi. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, Bọ̀dá ń fi ìdí yọ̀ bọ̀. Síkì ẹsẹ̀ òsì ti bọ́ lẹ́sẹ̀ wọn, tọ̀tún kò bọ́, ó sì ti yí orúnkún wọn sódì. Wọn ò pariwo. Wọ́n kàn ń sọ "Jésù, Jésù" jẹ́jẹ́, wọ́n di ẹsẹ̀ ọ̀tún yẹn mú.

Àwọn òṣìṣẹ́ òkè fi ọkọ̀ yìnyín gbé wọn sọ̀ kalẹ̀. Dókítà tó yẹ̀ wọ́n wò ní iṣan tó so orúnkún ti ya, wọ́n máa ṣe iṣẹ́ abẹ, ó sì máa pẹ́ kí wọ́n tó lè wa ọkọ̀ èrò padà. Èmi ni mo fi ọkọ̀ gbé wọn relé. Nínú ọkọ̀, pẹ̀lú gbogbo ìrora yẹn, wọ́n ń sọ fún mi pé kí n má dá ara mi lẹ́bi, pé àwọn ni àwọn sáré jù. Mo di sítíárì mú, mo ń wa ọkọ̀ lọ.

A dé Springdale. Àǹtí Bísí sunkún díẹ̀, wọ́n nu ojú, wọ́n wá dì mọ́ mi. Bọ̀dá kúkú ti sọ fún wọn lórí fóònù pé èyí tó dáa jù ni mo fún àwọn. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n ń wúre fún mi. Kò sí èpè tó lè dùn mí tó ìre yẹn. Wọ́n di ìrẹsì àti ẹja fún mi pé ebi á ti pa mí. Inú fíríìjì mi ló bà jẹ́ sí.

Ó tún kù o. Lọ́jọ́ Sunday, wọ́n gbàdúrà fún Bọ̀dá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá kan tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ dá mi dúró lẹ́yìn ìsìn. Wọ́n ní àwọn ọmọ tí a bí síbí kò mọ bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún àgbà mọ́, ṣé mo lè wá bá wọn sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀? Wọ́n ní, "You are a good example, my son." Mo ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi. Mo dé inú ọkọ̀, mo jókòó, mi ò lè ṣíná sí i. Purọ́ n níyì, ẹ̀tẹ́ níí mú wá. Èmi ò tiẹ̀ la ẹnu purọ́, mo kàn dákẹ́ ni, iyì sì ń wọlé fún mi lójoojúmọ́.

Nígbà tí mo kúrò níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, mo gba ilé wọn lọ. Bọ̀dá gbé ẹsẹ̀ lé orí ìrọ̀rí ní parlour, wọ́n ń wo tẹlifíṣọ̀n. Mo dọ̀bálẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé àwọn ti joyè ni? Mi ò dìde. Mo sọ gbogbo ẹ̀ láti ilẹ̀: bí èmi náà ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú, bí mo ṣe mọ̀, àti ìdí tí mo fi dákẹ́.

Wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n ní, "Ṣé o ti mọ̀ kí n tó mú un?"

Mo ní mo ti mọ̀.

"O mọ̀, o wá ní kí n kọ́kọ́ mú?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Wọ́n wá ní, "Délé, ká ní o sọ fún mi, mo máa bínú. I know myself. Ṣùgbọ́n ká tó dé Frederick lójú ọ̀nà ilé, ìbínú mi á ti tán. Orúnkún yìí ńkọ́?"

Mo fi iwájú orí kan ilẹ̀.

Wọ́n ní kí n dìde, kí n lọ bá Àǹtí Bísí ní kitchen kí n fẹnu ara mi sọ ọ́, torí Àǹtí ló ń dárúkọ mi nínú àdúrà láràárọ̀. Mo lọ. Àǹtí ń fọ ẹ̀wà, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí mi títí mo fi sọ̀rọ̀ tán. Wọ́n ti ẹ̀rọ omi. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bú mi. Wọn ò bú mi. Wọ́n ní, "Àdúrà tí mo ti gbà, mi ò lè pè é padà. But me I don't have leave again. Ìwọ lo máa máa gbé e lọ sí therapy orúnkún rẹ̀. And you will sit down there and wait for him."

Ibẹ̀ ni mo ti ń kọ èyí.

Nítorí náà, ẹ gba àgbéyẹ̀wò yín: síkì fífẹ̀ dára nínú yìnyín tuntun tó jìn. Tí ilẹ̀ bá ti dì, ẹ bọ́ ọ. Tí ẹlòmíì bá fẹ́ wọ̀ ọ́, ẹ sọ fún un, bó tilẹ̀ ju bàbá yín lọ.

Mo ti máa ń rò pé tí mo bá ti tẹrí ba, tí mo sì ní "ẹ kọ́kọ́ mú", mo ti bọ̀wọ̀ fún àgbà nìyẹn. Ọ̀wọ̀ tó yẹ kí n fún Bọ̀dá lọ́jọ́ yẹn ni pé kí n jẹ́ kí wọ́n bínú sí mi. Wọn ò tíì sọ pé àwọn dárí jì mí, mi ò sì tíì béèrè. Nínú ọkọ̀, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù la máa ń sọ.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ ti fi ìwà ọmọlúàbí bo ìmọtara-ẹni-nìkan mọ́lẹ̀ rí? Ta ló forí fá a? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, ẹ má tijú jù mí lọ. Màá máa kà á. Wọ́n ń tẹ orúnkún Bọ̀dá nínú yàrá kejì báyìí, mo sì ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kérora.