Orúkọ Tí Wọ́n Ní Kó Tóbi Sí I

Bí ẹ bá rí lẹ́tà tó dúró ṣánṣán lára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì kan ládùúgbò wa, àbúrò mi ló kọ ọ́. Ọ̀gá Lẹ́tà ni gbogbo èèyàn ń pè é. Màmá wa ni wọ́n kọ́ ọ níṣẹ́. Bó ti wù kó rẹ̀ ẹ́ tó, ó gbọ́dọ̀ gbé páálí tó kọ́kọ́ fi dánra wò wálé kí wọ́n fojú kàn án. Wọ́n á ní, "Ikùn lẹ́tà yìí yọ jù, àbí ó lóyún ni?" Á sì lọ tún un kọ.

Lọ́dún tó kọjá, nǹkan funfun bẹ̀rẹ̀ sí í bo ojú Màmá méjèèjì. Dókítà ilé ìwòsàn ìjọba ní iṣẹ́ abẹ kékeré ni, ọ̀fẹ́ sì ni, àmọ́ kò gbọdọ̀ pẹ́, kí ojú má bàa fọ́ pátápátá. Wọ́n dá ọjọ́ fún wa. Ọjọ́ pé, a débẹ̀, nọ́ọ̀sì ní kò sí iṣẹ́ abẹ ojú mọ́ lọ́dún náà. Báńkì ńlá kan ló fẹ́ wó, ìjọba sì kó owó ìlú lọ gbé e dìde, tòun ti owó ojú. Ẹ gbọ́ irú ìyẹn rí?

Ohun kan ṣoṣo tó tù wá nínú ni pé olówó tó ni báńkì náà, tó fi owó olówó ṣayé, á ti kógbá wọlé. Nígbà tí báńkì ní kí àbúrò mi wá ha orúkọ kúrò lára ilẹ̀kùn gíláàsì ọ̀gá pátápátá, ijó ló jó jáde nílé. Mo bá a lọ. Mo fẹ́ fojú ara mi rí i.

Ó fi abẹ ha orúkọ ọkùnrin náà dànù, èmi ń gbá èérún rẹ̀ jọ tayọ̀tayọ̀. Bó ṣe parí ni obìnrin akọ̀wé mú ìwé kékeré kan wá.

"Ẹ jọ̀ọ́, orúkọ tẹ́ ẹ máa kọ nìyí."

Àbúrò mi wò ó, ó wo ilẹ̀, ó tún wò ó. "Èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ha nù mà ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní kó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni."

Háà! Ẹnu mi ò lè pa dé. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, pípele ló ń pele sí i! Mo ní ká máa lọ, kí n tó da èérún yìí sí ẹnì kan lójú.

"Aǹtí mi," ó rọra ní, "ilé ìwòsàn aládàáni ò ní ṣe ojú Màmá lọ́fẹ̀ẹ́."

Ó bá kọ́kọ́ fi páálí dánra wò, ó sì kọ ọ́ sára gíláàsì.

Nílé, ó gbé páálí fún Màmá bó ṣe máa ń ṣe. Lẹ́tà ibẹ̀ tóbi tó orí ọmọdé. Wọ́n gbé e súnmọ́ ojú, wọ́n sún un sẹ́yìn, wọ́n tún gbé e súnmọ́.

"Ó dáa, ọmọ mi," wọ́n ní. "Ó dúró ṣánṣán."

Páálí náà dorí kodò lọ́wọ́ wọn.