Fọ́tò Bàálù tí Ìwé Ìròyìn Kọ̀

Ọjọ́ tí bàálù já lulẹ̀ ní Siporex, àdúgbò wa nílẹ̀ àwọn elédè Faransé tí a ti ń ṣàjò, fọ́tò mẹ́ta péré ló kù nínú fíìmù mi. Fọ́tò káàdì ìdánimọ̀ ni iṣẹ́ mi. Ẹni bá wọlé, n ó ní kó jókòó, kó gbé àgbọ̀n sókè, kó má rẹ́rìn-ín. Ogun ti dé nígbà náà, ṣùgbọ́n mo rò pé inú rédíò ni yóò mọ sí. Àfi gbàà! Òrùlé ṣọ́ọ̀bù mì, dígí tí àwọn oníbàárà fi ń wojú fọ́ yángá. Mo gbé kámẹ́rà kọ́rùn, mo sáré tẹ̀lé èéfín.

Bàálù náà ti forí wọ inú ilé kan, ìrù rẹ̀ nìkan ló yọ sókè lẹ́yìn òrùlé. Awakọ̀ rẹ̀ kò yè é, n kò sì fẹ́ sọ ohun tí mo rí. Ọpẹ́lọpẹ́ pé àwọn onílé ti lọ sọ́jà. Mo ya fọ́tò kan. Bí mo ṣe fẹ́ ya èkejì, ẹnì kan di apá ẹ̀wù mi mú. Ìyá Mùìbátù ni, opó tó ni ilé náà.

“Ìwọ kọ́ ni Ràṣídì, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ya fọ́tò?”

“Èmi ni, Ìyá. Ẹ pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run ló yọ yín.”

“Ya mí níwájú ilẹ̀kùn mi. Rédíò á ti ròyìn délé, wọn á ti máa sunkún mi.”

Ẹni tó bá ní ẹbí nílé yóò mọ̀ pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Lẹ́tà lè parọ́, fọ́tò ni ará ilé ń gbà gbọ́. Ìyá yá gèlè lọ́wọ́ aládùúgbò, wọ́n tún ìró ró, wọ́n sì dúró. Àṣà iṣẹ́ ò jẹ́ kí n gbé ẹnu dákẹ́: “Ẹ gbé àgbọ̀n sókè, Ìyá.” Wọ́n gbé e. Bí mo ṣe ná fọ́tò méjì tó kù nìyẹn.

Olóòtú ìwé ìròyìn tí mo kó wọn lọ bá wo ti àkọ́kọ́: èéfín lásán. Ó wo ti Ìyá, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Où est l'avion? Bàálù ọ̀hún dà? Ìrù yìí náà ni? Toi, lọ máa ya photo d'identité ẹ, fọ́tò káàdì.”

Ojú tì mí ju kí n sọ lọ. Fọ́tò àwọn mìíràn jáde lójú ìwé àkọ́kọ́, tèmi padà sí ṣọ́ọ̀bù. Mo fẹ́ jù ú nù, ṣùgbọ́n ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, Alhaji Làmídì, gba négátífù náà lọ́wọ́ mi, ìyẹn fíìmù tí a fi ń tẹ fọ́tò. Ó fi í sínú agolo mílíìkì kan ní ṣọ́ọ̀bù mi.

“Ìwọ lo yà á,” ó ní, “ìwọ kọ́ lo mọ ọjọ́ tó máa wúlò.”

Ọdún gorí ọdún. Ọ̀gá ti kú, kọ̀ǹpútà ló kù tí mo fi ń ṣiṣẹ́. Lọ́dún tó kọjá ni Ìyá wọlé tọ̀ mí wá pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́. Ọkùnrin kan ló ní òun ló ni ilẹ̀ wọn, pé ẹ̀yìn ogun ni wọ́n dé síbẹ̀, pé kò sílé níbẹ̀ rí.

“Mairie, iléeṣẹ́ ìjọba àdúgbò, ní kí n mú preuve wá, ẹ̀rí pé èmi ni mo ni ín. Papiers mi, ìwé ilẹ̀ mi, jóná lọ́jọ́ yẹn. Ṣé eérú ni n ó bù lọ? Ràṣídì, fọ́tò yẹn dà? Ikán ti jẹ èyí tí mo fi ránṣẹ́ sílé.”

Òjò ti wọ ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́ẹ̀mejì. Mo da gbogbo agolo sílẹ̀, mo rí i, àmọ́ ọ̀rinrin ti lẹ àwọn fíìmù náà mọ́ra. Mo rẹ wọ́n sínú omi bí ọ̀gá ṣe kọ́ mi, mo rọra ń ṣí wọn. Ọ̀kan nínú méjì tí mo ya Ìyá ti bàjẹ́ pátápátá. Mo gbé èkejì sí ojú fèrèsé: Ìyá rèé, ilẹ̀kùn rèé, nọ́mbà pupa tí mairie kọ sára ògiri ilé rèé. Mo pariwo débi tí aláṣọ ẹ̀gbẹ́ mi fi sáré wọlé.

Ní mairie, ọkùnrin náà yọ ṣùtì sí fọ́tò náà. “N'importe quelle porte! Ilẹ̀kùn ibikíbi ni.”

Ọ̀dọ́bìnrin tó ń gbọ́ ẹjọ́ fi ìka tẹ nọ́mbà, ó sì bá a nínú ìwé ńlá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tẹ orí òrùlé.

“Monsieur, kí lèyí, lẹ́yìn la vieille, ìyá arúgbó yìí?”

Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ wò ó. “Avion ni,” ó ní.

Bàálù mélòó ló ti já sí Siporex? Ọ̀kan péré ni, nígbà ogun. Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín, ilẹ̀ sì di ti Ìyá. Ìrù tó kéré jù fún ìwé ìròyìn ló gbà á là. Mo sunkún níbẹ̀, n kò sì tijú.

Nígbà tí wọ́n kọ́ ilé tuntun, wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Ìyá dúró níwájú ilẹ̀kùn, gèlè tiwọn ni wọ́n wé lọ́tẹ̀ yìí. Mo yanu láti sọ ohun tí mo máa ń sọ fún gbogbo ènìyàn. Àgbọ̀n wọn ti wà lókè.